Oògùn Aládùn Nílé Ẹni Tó Ń Bẹ̀rù Jẹ̀dí

Àwọn ìyá kan wà tó jẹ́ pé ipò tí ọmọ wọn gbé nínú ìdánwò ni wọ́n fi ń yangàn. Àwọn mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ọmọ wọn ni. Èmi, ìgbẹ́ ọmọ mi ni mo fi ń yangàn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ti ọmọ tó ń ké lórí póò, tí òógùn bo iwájú orí rẹ̀, tí ohunkóhun kò sì jáde, yóò gbà fún mi pé ìgbẹ́ tó rọ̀, tó jáde láìsí ẹkún, nǹkan ìyangàn gidi ni.

Ìgò oògùn kan wà lójú fèrèsé ilé ìdáná wa ní Ìkirè. Dókítà ti ní kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n n kò tíì lè fojú inú wo fèrèsé náà láìsí i níbẹ̀. Oògùn inú rẹ̀ mọ́ gaara, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin tí wọ́n bomi là. Ó ki ju omi lọ, kò sì ki tó oyin. Ife oníke kékeré kan ló ń bò ó lórí, ìlà wà lára ife náà, mo sì fẹ́ràn láti máa kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń lò ó: gbé ife lé orí ohun tó tẹ́jú, bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ yóò fi bá ìlà dọ́gba, kí o tó dà á. Ẹni tó bá gbé ife sókè, tó ń wò ó láti ìsàlẹ̀, iye tó rò pé òun dà kọ́ ló dà. Ṣíbí kò ṣeé fi dípò rẹ̀ rárá. Mo ti kó gbogbo ṣíbí ilé wa jọ rí, mo fi omi wọ̀n wọ́n, ó ṣòro kí n tó rí méjì tó jọra.

Lakitulóòsì ni wọ́n kọ sára ìgò náà. Afami ni à ń pè é nílé wa. Ìyá ọkọ mi ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, àríyànjiyàn ló sì bí orúkọ náà.

Ọmọ Àpòmù ni mí, inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọmọ Ìkirè ni ọkọ mi, láti ilé Mùsùlùmí. Ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ apá Wásinmi, kì í sì í tètè wọlé. Èmi jẹ́ akọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àpòmù. Ọ̀kadà ni mo máa ń gùn lọ láàárọ̀, òun náà ni mo máa ń gùn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, tí ọmọbìnrin wa bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ló máa ń wà. Ìyá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ń ta dòdò Ìkirè létí títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, wọ́n sì ti ń tà á kí n tó mọ ọmọ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ibà kan. Ọmọ náà kò jẹun dáadáa, kò mumi dáadáa, ìgbẹ́ tó sì wá yà lẹ́yìn rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi. Ó ya á lójú ìdí, ẹ̀jẹ̀ kán. Látọjọ́ náà ló ti bá ìgbẹ́ ṣọ̀tá. Bí ó bá ti ń bọ̀, yóò sá lọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, yóò dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ kan kọ́ ìkejì, ara rẹ̀ yóò sì le gbagidi. A rò pé ṣe ló ń ti ìgbẹ́ jáde. Àṣé ṣe ló ń tì í padà.

Ìgbẹ́ tí wọ́n bá tì padà kì í lọ síbì kankan. Ìfun yóò máa fa omi ara rẹ̀ gbẹ, yóò máa le sí i, òmíràn yóò sì máa wá bá a níbẹ̀. Nígbà tó yá, omi ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí pátá rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Gbogbo wa ní ìgbẹ́ gbuuru ni. Mo lọ ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró ní kẹ́míìsì. Ní ti Ìyá, jẹ̀dí ni wọ́n pè é.

Ẹni tó bá dàgbà ní agbègbè wa mọ jẹ̀dí. Adùn ló ń gbìn ín sí ènìyàn nídìí: ṣúgà, súìtì, mínírà. Bí ojú ìdí bá ń dun ènìyàn, jẹ̀dí ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán, jẹ̀dí ni. Bí ènìyàn bá ń sá lọ sá bọ̀ sí ṣáláńgá, jẹ̀dí náà ni. Ohun kíkorò ló sì ń lé e.

"Ta ló ń fún ọmọ yìí ní súìtì?" Ìyá bi gbogbo ilé.

"Kò sẹ́ni tó fún un, mà."

"Ilé ìwé ni wọ́n ti ń fún un nìyẹn."

Látìgbà náà ni ṣúgà ti kúrò nínú ògì ọmọ náà. Dòdò pàápàá, dòdò tí àwọn èrò ọkọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ rà kí wọ́n tó dé Ifẹ̀, Ìyá kò jẹ́ kó fẹnu kàn án. Yóò jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀, yóò máa bá wọn na ewé tí wọ́n fi ń wé e fún oníbàárà, yóò sì máa lá ìka rẹ̀ bí Ìyá bá ti wo ibòmíràn.

Ilé ìwé ló ká mi lára jù. Ọmọ mi fẹ́ràn ilé ìwé débi pé lọ́jọ́ Sátidé, yóò to bàtà gbogbo wa sílẹ̀ ní ìlà, yóò máa kọ́ wọn ní ABD. Bàtà bàbá rẹ̀ ló máa ń nà jù, ó ní olóríkunkun ni. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi í ṣe orin: "Olóòórùn ti dé o, ẹ pa imú dé!" Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tíṣà rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ojú ń tì í láti sọ ohun tí wọ́n rán an.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ọ̀gá wa ní tí ọ̀rọ̀ pátá yìí ò bá tíì tán tá a bá wọlé, ká má gbà á sí Pírámárì Wáánù. Wọ́n ní kẹ́ ẹ dá a dúró nílé fún ọdún kan ná."

Mo wo ọmọ mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó fi báàgì rẹ̀ bo ìdí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà tó rí wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kò kánjú. Ó bi mí ní ìbéèrè tí n kò retí: ṣé ọmọ náà tètè yàgbẹ́ àkọ́kọ́ nígbà tí mo bí i? Ṣé ó ń dàgbà bó ṣe yẹ? Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ ikùn rẹ̀.

"Ẹ mú ọwọ́ yín wá, mà."

Ó gbé ọwọ́ mi lé ìsàlẹ̀ ikùn ọmọ náà, lápá òsì. Nǹkan kan wà níbẹ̀, ó le, ó gùn, bí iṣu kékeré tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

"Kí nìyẹn?"

"Ìgbẹ́ ni, mà."

"Ìgbẹ́ báwo? Ọmọ tó ń fi gbogbo ọjọ́ yàgbẹ́ sára?"

"Tí òkúta bá dí gọ́tà yín, tí òjò wá rọ̀, ṣé omi ò ní wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kọjá? Omi yẹn lẹ̀ ń rí ní pátá. Oògùn tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń fún un kí ìgbẹ́ gbuuru lè dúró, ṣe lẹ̀ ń fi simẹ́ńtì lẹ òkúta mọ́lẹ̀."

Ó ṣàlàyé pé ìsàlẹ̀ ìfun ọmọ náà ti fẹ̀ bíi rọ́bà pátá tó ti gbó. Kò mọ̀ mọ́ bóyá nǹkan wà nínú òun tàbí kò sí.

"Ìgbà wo ló sọ fún yín gbẹ̀yìn pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n òun?"

Mo ronú. Mo tún ronú. N kò rántí.

"Ẹ máa retí gbólóhùn yẹn, mà. Ọjọ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ìfun rẹ̀ ti ń jí nìyẹn."

Ó pín ìtọ́jú náà sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni kí a kó èyí tó wà nílẹ̀ kúrò: lakitulóòsì lọ́pọ̀, pẹ̀lú oògùn kejì tó ń ta ìfun jí kó lè sún ẹrù rẹ̀. Ìkejì ni èyí tó gùn: lakitulóòsì níwọ̀nba, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ìgbẹ́ má tún rí àyè le, kí ìfun tó fẹ̀ lè súnkì padà, kí ọmọ náà sì gbàgbé ìrora. "Inú èyí tó gùn yìí ni àwọn òbí ti máa ń sá fún wa," ó ní. "Tí wọ́n bá ti rí ìgbẹ́, wọ́n á ní ó ti tán."

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Bí nǹkan bá ti wọ̀ mí lórí, n kì í lè fi í sílẹ̀. Mo ka ìwé pélébé inú páálí oògùn náà títí ojú ibi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ fi ya. Mo kà á lórí fóònù nínú ilé, mo kà á níbi tí mo ti ń dúró de ọ̀kadà. Mo rí i pé ṣúgà inú wàrà ni wọ́n fi ń ṣe lakitulóòsì, pé wọ́n yí i padà díẹ̀ kí ara má bàa lè dà á. Bó ṣe wọlé lẹ́nu ló ń lọ tààrà dé ìfun ńlá, ibẹ̀ ló ti ń fa omi sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tó ń gbé inú ìfun wa, yóò wá jẹ nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò jáde; ìdí nìyẹn tí ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fi máa ń só. Mo sọ èyí fún ọmọ mi, ó sì di ohun tó ń fi ń yọ̀: tó bá ti só, yóò ní, "Mọ́mì, oògùn ń ṣiṣẹ́ o!" Mo rí i pẹ̀lú pé oògùn oníyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, tí ọ̀pọ̀ dókítà kọ́kọ́ máa ń mú. Mo bi dókítà wa léèrè. Ó ní ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n kì í sábà sí ní kẹ́míìsì ìtòsí, bẹ́ẹ̀ èyí tí a bá máa lò pẹ́, èyí tí a máa rí rà nígbàkigbà ló yẹ kó jẹ́.

Ìgbà ìsinmi ni a ṣe ti àkọ́kọ́, èmi náà wà nílé. N kò ní ṣe àpèjúwe rẹ̀ tán. Ọkọ mi tó wo inú póò ní, "Inú ọmọ yìí ni gbogbo èyí wà?" Ọmọ náà sì wò ó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó ní, "Èmi ni mo ṣe é!"

Láti mọ bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́, ènìyàn gbọ́dọ̀ máa wo ìgbẹ́, kó sì lè sọ ohun tó rí. Mo kọ́ ọmọ náà ní orúkọ fún wọn. Èyí tó rí róbótó-róbótó, tó sì gbẹ, ewúrẹ́ ni. Èyí tó gùn ṣùgbọ́n tó le, tí ara rẹ̀ sán, àgbàdo ni. Èyí tó rọ̀, tó sì dán, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Òun là ń wá. Èyí tó ṣàn, ògì ni, a ti fún un jù nìyẹn. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Láti ṣáláńgá ni yóò ti máa ké, "Àgbàdo ni tòní!"

"Ẹ má kó oúnjẹ Ọlọ́run wọ ṣáláńgá mọ́!" Ìyá á dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń tà o. Ẹ má bà mí lọ́jà jẹ́."

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́. Àwa akọ̀wé máa ń wọlé ṣáájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo fi oògùn náà lé Ìyá lọ́wọ́, mo fi bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n hàn wọ́n. Ìyá ti ìka bọ inú ife, wọ́n fi kan ahọ́n.

"Ìyàwó, ṣúgà nìyí."

"Oògùn ni, mà. Dókítà ló kọ ọ́."

"Mo ní ṣúgà nìyí."

Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé wọ́n ti gbà.

Èèrà ló sọ fún mi. Láti ìgbà tí oògùn náà ti wọ ilé wa ni èèrà ti lànà láti ìdí ògiri dé ibi tí ife náà máa ń wà, nítorí bó ti wù kí a ṣan ife náà tó, adùn díẹ̀ yóò kù létí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń fi omi gbígbóná nu ojú fèrèsé náà. Lọ́jọ́ kan, mo gbé omi mi débẹ̀, kò sí èèrà kankan. Mo gbé ife náà sí imú, ó ń rùn bí egbò igi. Mo wá ọmọ lọ. Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù ni mo ti bá a, ó fi ẹsẹ̀ kan kọ́ ìkejì, àbàwọ́n sì ti padà sí pátá rẹ̀. Ìwọlé ilé ìwé kò jìnnà mọ́.

Mo mú ìgò oògùn náà lọ́wọ́, mo gba etí títì lọ.

Ìyá ń dín dòdò lọ́wọ́. Ìyá mìíràn tó ń ta dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wà níbẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù kan sì dúró, ó ń retí kí tirẹ̀ jinná.

"Ẹ kú ọjà, mà."

"Ìyàwó. Kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, agbo ló wà nínú ife oògùn."

Ìyá kò sẹ́. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Agbo ni. Èmi ni mo sè é. Ìgbẹ́ tó dí i ti jáde, o fi hàn mí, mo fojú ara mi rí i. Kí la tún ń fún un ní ṣúgà fún? Ká lé jẹ̀dí gba ẹnu ọ̀nà jáde tán, ká tún máa fi ṣúgà pè é padà?"

"Òótọ́ lẹ sọ o," ìyá kejì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. "Ṣúgà ni bàbá jẹ̀dí."

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, kí lẹ wá ń tà fún wa? Ṣé dòdò yín korò ni?"

"Àgbàlagbà ló ń rà á," Ìyá dá a lóhùn. "Ìdí tìrẹ ti gbó. Dúró gba dòdò ẹ, kó o máa lọ."

Mo fẹ́ sọ gbogbo ohun tí mo ti kà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí mo kà kò ní wọ etí kankan níbẹ̀. Ni ojú mi bá bọ́ sára abọ́ ńlá tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún wà nínú rẹ̀, èyí tó ti pọ́n kọjá pípọ́n, tí wọ́n ti po ata àti iyọ̀ mọ́, tó ń dúró de epo. Omi ti yọ yíká etí abọ́ náà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni omi tó wà nínú abọ́ yẹn ti wá?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. "Omi wo?"

"Èyí tó wà létí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Ẹ ò bu omi sí i."

"Ta ló ń bu omi sí dòdò? Iyọ̀ ni. Tí iyọ̀ bá ti wọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó o wá fi sílẹ̀, á máa fa omi ara ẹ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tá a fi ń tètè dín in. Ṣé o ò mọ ìyẹn látọjọ́ yìí?"

"Ohun tí oògùn yìí ń ṣe nínú ọmọ nìyẹn, mà." Mo gbé ìgò náà sókè. "Ó dùn lóòótọ́. Ṣúgà ni, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ò lè dà á. Bó ṣe wọlé ló ń lọ sísàlẹ̀, tó bá sì débẹ̀, á máa fa omi sínú ìgbẹ́ bí iyọ̀ yẹn ṣe ń fa omi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi yẹn ni kì í jẹ́ kó le. Ìfun ẹ̀ ṣì fẹ̀, mà. Tá a bá dáwọ́ dúró báyìí, òmíràn á tún jókòó síbẹ̀, á tún gbẹ. Ó ti ń gbẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù ni. Tí ilé ìwé bá wọlé bá pátá yẹn, ilé ló máa jókòó sí."

Ìyá yí dòdò inú epo padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó ń fami," Ìyá wí nígbẹ̀yìn.

"Ó ń fami, mà. Bí ẹni tó dúró létí kànga."

"Kì í ṣe pé ó ń bọ́ jẹ̀dí."

"Kì í dúró lọ́nà débi tí jẹ̀dí á fi rí i jẹ, mà."

"Kí ló dé tó ò tètè sọ bẹ́ẹ̀? O kàn ń pè é ní láki, láki, láki, bí ẹni tó ń pe ajá." Ìyá kejì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ìyá na ọwọ́ gba ìgò náà, wọ́n wò ó lójú oòrùn. "Afami. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan. Tó bá ti mu ún tán, á lá omi ewúro. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí adùn yẹn má bàa rí ibi jókòó lọ́nà."

Ọbẹ̀ ewúro là ń jẹ nílé wa, lílá kan kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan. Mo gbà. Agbo dópin lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní tí ewúro bá ti jẹ́ kí Ìyá wà lẹ́yìn wa, òun náà fọwọ́ sí ewúro. Ó ní kí a tún fi ti àkọ́kọ́ kó èyí tó ti gbá jọ kúrò, kí a sì padà sí ìwọ̀n ojoojúmọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ni mo fi ń yangàn jù. Ìyá gba ìtọ́jú náà mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n wá le jù mí lọ. Wọ́n á gbé ife lé orí ọlọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ títí àgbọ̀n wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọlọ, wọ́n á dà á dé ìlà, wọn ò ní jẹ́ kó kọjá. "Bísímílà," wọ́n á ní, ọmọ á gbé e mì. "Ewúro," wọ́n á ní, ọmọ á yọ ahọ́n, ojú á hunjọ. Èèrà padà sójú fèrèsé wa, inú mi sì dùn bí mo ṣe rí wọn.

Dókítà ti sọ pé tí ẹsẹ̀ ọmọ bá ń fì lókè, kò ní rí agbára tì. Ìyá gbé àpótí tí àwọn fúnra wọn fi ń jókòó dáná wá, wọ́n fi sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ga ju ìbàdí lọ, bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n máa ń gbé e jókòó, nítorí ìgbà náà ni ìfun máa ń mira. Mo ra bálúùnù fún un kó máa fẹ́, torí ẹni tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí nǹkan, ikùn rẹ̀ ń tì láìmọ̀. Ìyá á jókòó tì í.

"Ìyá, kò sí nǹkan."

"Mo bi ọ́ ni? Fẹ́ bálúùnù ẹ. Ẹnikẹ́ni ò lé wa."

Aládùúgbò kan wá sọ fún Ìyá pé oògùn tí ọmọ ń mu pẹ́ tó báyìí á sọ ìfun rẹ̀ di ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ti bà mí rí, mo sì ti bi dókítà; ó ní ìgbẹ́ tó dí ìfun pa ló ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ, kì í ṣe omi tí à ń fún un. N kò tíì lanu tí Ìyá fi dáhùn: "Iyọ̀ tí ẹ ti ń fi sọ́bẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí yín, ṣé ahọ́n yín ti di ọ̀lẹ?"

Ilé ìwé wọlé. Ọ̀gá wọn ní kí ó máa bọ̀ ná, pé àwọn á máa wò ó, ṣùgbọ́n tó bá tún di ọ̀rọ̀ pátá, kí n wá mú un. Mo fi pátá kejì sínú báàgì rẹ̀. Pátá náà ń lọ, ó ń bọ̀ ní kíká. Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Lílọ tó ń lọ sí póò, àwa là ń gbé e lọ. N kò tíì gbọ́ gbólóhùn tí dókítà ní kí n máa retí, bẹ́ẹ̀ ilé ìwé kò ní ẹni tí yóò máa gbé e jókòó.

Mo wà ní ọ́fíìsì ní Àpòmù, mò ń to fáìlì, nígbà tí fóònù mi dún. Tíṣà rẹ̀ ni. Mo gbé fáìlì ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín pariwo ní kíláàsì."

"Ṣé pátá ni?"

"Rárá o, mà. Mò ń kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, ni mo bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: 'Tíṣà, ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí!' Mo ní kó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí mo ṣe kọ́ wọn. Ó ní kò sí àyè Gẹ̀ẹ́sì, ó ti dé ẹnu ọ̀nà."

"Ṣé ó débẹ̀?"

"Ó débẹ̀, kò yà á sára rárá. Ó tiẹ̀ ní kí n wá wò ó, pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Mọ́mì, kí ni ìtumọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

Mo fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín gbà mí lẹ́nu, omi sì ń bọ́ lójú mi. Àwọn tí a jọ wà ní ọ́fíìsì bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èèrà, iyọ̀, àpótí, gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́.

Nígbà tí ọ̀kadà gbé mi dé Ìkirè nírọ̀lẹ́, n kò kọ́kọ́ yà sílé. Ìròyìn ti ṣáájú mi dé etí títì. Ọmọ mi dúró ti Ìyá nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀, aṣọ náà mọ́ bó ṣe wọ̀ ọ́ láàárọ̀.

"Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ẹ káàbọ̀!" ìyá kejì kí mi.

"Alihamudulilahi," Ìyá ń sọ fún oníbàárà kan tí kò mọ ohun tí à ń wí. "Ó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Láàárín kíláàsì! Afami wa ṣe é."

Ọmọ náà ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà. "Ìyá, mo fẹ́ dòdò."

Ìyá wò mí. Wọ́n wo inú abọ́ dòdò. Wọ́n ṣa èyí tó kéré jù níbẹ̀, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n bù ú sí méjì, wọ́n fi apá kan sórí ewé fún un, wọ́n ju apá kejì sẹ́nu ara wọn.

"Ìdajì," wọ́n ní. "Jẹ̀dí ò tíì kú."

Ọmọ mi jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó lá epo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè síhà Ìyá, ó yọ ahọ́n síta, ó ń dúró de ewúro.